Ẹja Tó Ń Wo Òkè: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọ́ Ìwọ̀ Jẹ́jẹ́ fún Crappie

   Ọ̀rọ̀ ẹja la gbé wá láàárọ̀ yìí, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n tò sórí yìnyín lọ́jà. Ẹja téèyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ni, nínú ọkọ̀ kékeré, níhìn-ín ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ṣe ilé.

Tẹ́ ẹ bá gba títì I-55 láti Memphis lọ sí ìhà gúúsù, tẹ́ ẹ wọ ìpínlẹ̀ Mississippi, adágún mẹ́rin ló wà lọ́tùn-ún lósì títì náà: Arkabutla, Sardis, Enid àti Grenada. Kò sí èyí tí Ọlọ́run dá síbẹ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn omíyalé ńlá ọdún 1927 tó ba ilé àti oko jẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ ní àfonífojì odò Mississippi, ìjọba àpapọ̀ pinnu láti sé àwọn odò tó ń ṣàn wá síbẹ̀ láti orí òkè. Dáàmù Sardis ni wọ́n kọ́kọ́ parí, ní 1940. Ti Grenada ló kẹ́yìn, ní 1954. Títí di òní, bí ọdún bá ti ń rọ̀ sí ìparí, wọ́n á máa tú omi inú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí àyè lè wà fún òjò tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ kọ́ wọn nìyẹn. Ẹja ni ènì. Omi ibẹ̀ rú, ó lọ́ràá, oúnjẹ pọ̀ nínú ẹ̀, ẹja tí wọ́n ń pè ní crappie sì ń sanra níbẹ̀ débi pé àwọn apẹja ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wakọ̀ lóru wá.

Lóṣù kẹta ọdún, ẹni tó bá dúró sétí omi Grenada ní ìdájí á rí ọkọ̀ wẹẹrẹ wẹẹrẹ káàkiri. Èèyàn méjì méjì ló ń jókòó síwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá ìwọ̀ gbọọrọ gbọọrọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ á nà síwájú wọn, wọ́n á fọ́n ká bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Kò sẹ́ni tó ń ju ìwọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ká okùn. Ẹ ó tiẹ̀ rò pé ọkọ̀ náà dúró sójú kan ni. Ó ń rìn o. Ó ń rìn ní nǹkan bí ìdajì máìlì ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń ṣe fàájì rìn létí omi á fi í sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ohun tí a fẹ́ tú wò nìyẹn: bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ kékeré wọ́ ìwọ̀ jẹ́jẹ́ nínú omi. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti fẹ́ fi ìgbín tó ń fẹ̀sọ̀ gun igi pòwe fún mi. Ẹ fi òwe yẹn sápò ná. Ẹ̀sọ̀ tí mò ń wí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́. Ìṣirò ni. Eré tí ọkọ̀ bá ń sá ló ń pinnu bí ìdẹ ṣe máa jìn tó nínú omi. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ìdẹ òun wà, àdúrà ló ń gbà lórí omi, kì í ṣe ẹja ló ń pa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹja ọ̀hún. Ẹbí ẹja bass àti bluegill ni. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń dán bíi fàdákà, àmì dúdú wínníwínní wà lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì gbòòrò. Oríṣi méjì ló wà, wọ́n ń pe ọ̀kan ní funfun, wọ́n ń pe ìkejì ní dúdú, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé àwọ̀ láti fi dá wọn mọ̀, torí akọ funfun pàápàá máa ń dúdú nígbà tó bá ń ṣọ́ ìtẹ́. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Tó bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, funfun ni. Tó bá jẹ́ méje tàbí mẹ́jọ, dúdú ni. Adágún Enid tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ti pa funfun tó tóbi jù nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé, lóṣù keje ọdún 1957. Pọ́n-ùn 5 àti áúnsì 3 ni. Dúdú tó tóbi jù, Tennessee ni wọ́n ti pa á, ní 2018, ìyẹn wọn pọ́n-ùn 5 àti áúnsì 7. Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má ṣe torí ìyẹn ra àwọn ọ̀pá olówó ńlá. Èyí tí àwa máa ń rí kì í sábà pé pọ́n-ùn méjì, kò sì sí èyí tó burú níbẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lára crappie ni ojú rẹ̀. Bí ojú náà ṣe wà lórí rẹ̀, òkè ló máa ń wò. Ìdẹ tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ẹni pé kò sí ni. Èyí tó bá gba òkè orí rẹ̀ kọjá, kódà kó fi ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì ga jù ú lọ, á gbéra, á lọ gbé e mì. Nítorí náà, tí ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo abẹ́ omi bá sọ fún yín pé ẹja wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ẹ má fi ìdẹ sí méjìlá. Ẹ fi sí mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Ẹni tó bá rò pé bí ìdẹ bá ṣe jìn tó ni ẹja ṣe máa pọ̀ tó, àárọ̀ títí dalẹ́ ló máa fi gba abẹ́ agbo ẹja kọjá láìmọ̀.

Crappie kì í sì í sábà jókòó sísàlẹ̀ omi. Ó máa ń dá dúró láàárín, nínú agbo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté igi tàbí ní etí ipa odò àtijọ́ tí omi dáàmù bò mọ́lẹ̀. Agbo yìí kò ní àdírẹ́sì kan. Nígbà òtútù, á wà níbi tó jìn. Bí omi bá ti ń móoru, á máa sún mọ́ etí ilẹ̀, tó bá sì tó díígírì 60 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, á wọ ibi tí kò jìn lọ yé ẹyin. Lẹ́yìn náà á tún padà. Apẹja tó so ọkọ̀ mọ́ kùkùté kan ṣoṣo ń dúró de ẹja tó lè má wá. Ẹni tó ń wọ́ ìwọ̀ jẹ́jẹ́ ló ń lọ bá a nílé. Nínú omi tó rú, tí ojú ò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mi ò tíì rí ọ̀nà tó dára ju èyí lọ fún ẹni tí kò lówó ẹ̀rọ olówó gọbọi.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọkọ̀ wàyí.

Ọkọ̀ alumíníọ̀mù onídìí pẹlẹbẹ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá ti tó. Ẹ́ńjìnnì elépo tó wà nídìí rẹ̀, ti pé kó gbé yín débẹ̀ ni. Iṣẹ́ gan-an wà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì oníbátìrì kékeré tí a ń gbé sí iwájú ọkọ̀. Kì í pariwo, èèyàn sì lè fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ dín eré rẹ̀ kù sí bó ṣe fẹ́. Kì í ṣe ọ̀ràn tuntun o. Iléeṣẹ́ Minn Kota ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1934. Èyí tí wọ́n ń ṣe lóde òní lè fi sátẹ́láìtì di ọkọ̀ mú lójú eré kan náà, tí ọwọ́ yín á sì ráyè gbọ́ ti ọ̀pá. Iwájú ọkọ̀ ló yẹ kó wà, torí ohun tí a bá ń fà láti iwájú máa ń tọ́. Ohun tí a bá ń tì láti ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ á máa gbá orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ọkọ̀ kékeré ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà méjì jókòó síwájú, ẹ́ńjìnnì oníbátìrì wà níwájú, bátìrì wíwúwo tún wà níwájú: imú ọkọ̀ á rì, ìdí rẹ̀ á yọ sókè, ìgbì kékeré á sì máa wọlé. Ẹ gbé bátìrì lọ sẹ́yìn, kẹ́ ẹ na wáyà rẹ̀ wá síwájú. Ẹ gbé kúlà àti garawa ìdẹ lọ sẹ́yìn pẹ̀lú. Kí ẹ tó kúrò létí omi ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá dé àárín.

Ọ̀pá ìwọ̀ ńkọ́? Wọ́n gùn. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá sí mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó kọ́kọ́ rí wọn á ní kí la fẹ́ fi ṣe. Gígùn yẹn ló ń gbé ìdẹ jìnnà sí òjìji ọkọ̀ àti ariwo ẹsẹ̀ wa, kí ẹja tó wà ní omi tí kò jìn má baà sá kí ìdẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A máa ń ki ìdí ọ̀pá bọ irin tí a dè mọ́ etí ọkọ̀, irin yẹn ló ń dì wọ́n mú. Ẹ tò wọ́n kí ṣóńṣó wọn jìnnà síra, kí okùn má baà lọ́ mọ́ra.

Okùn tó lè gbé pọ́n-ùn mẹ́wàá kò burú. Ohun tó wà nísàlẹ̀ okùn ni àwọn èèyàn ń jà lé lórí. Ronnie Capps àti Steve Coleman, ọmọ Tennessee méjì tí wọ́n ti gba ìdíje crappie lọ́pọ̀ ìgbà, ló sọ ìdè kan di ìlúmọ̀ọ́ká débi pé orúkọ wọn ni gbogbo apẹja fi ń pè é. Ìwọ̀ kan á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lókè, lórí okùn kúkúrú. Òjé ìdajì áúnsì á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀ kejì á wà lábẹ́ òjé náà, ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ jìn ju tòkè lọ. Ọmọ ẹja ààyè la ń fi sẹ́nu ìwọ̀ méjèèjì, a máa ń ti ìsàlẹ̀ ètè gún un yọ sókè kó lè máa lúwẹ̀ẹ́ bó ṣe yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá kan ṣe ń dán ìjìnlẹ̀ méjì wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà ọmọ ẹja lè lo jíìgì, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n yọ́ òjé sí lórí, tí wọ́n sì fi ìrù rọ́bà tàbí ìyẹ́ sí nídìí. Nínú omi tó rú bíi ti Grenada, jíìgì dúdú tó ní ìrù àwọ̀ ewé òrombó ni mo máa ń kọ́kọ́ mú. Tí omi bá mọ́, àwọ̀ tó fúyẹ́, tó jọ ọmọ ẹja gidi.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìdẹ wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lóòótọ́? Ẹ lo ọ̀pá fúnra rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá sókè, kẹ́ ẹ tú okùn sílẹ̀ títí òjé á fi dé ibi ìdí ọ̀pá. Okùn tó jáde láti ṣóńṣó rẹ̀ ti di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá ki í bọ irin, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ bàtà méjì ga ju omi lọ, òjé wà ní méjìlá. Ẹ ká ẹsẹ̀ bàtà méjì padà, ó di mẹ́wàá. Ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tó ní ẹ̀rọ ẹgbẹ̀rún dọ́là nínú ọkọ̀ tí kò lè sọ bí ìdẹ òun ṣe jìn tó.

Ìṣirò yẹn dúró ìwọ̀nba ìgbà tí okùn bá dúró ṣánṣán. Bí ọkọ̀ bá yára, omi á ti ìdẹ sẹ́yìn, okùn á dà, ìdẹ á sì gòkè. Ẹ̀ ń rò pé ẹ wà ní mẹ́wàá, ẹ ti wà ní méje. Ìdí rèé tí eré àwọn tó ń na ọ̀pá síwájú fi máa ń wà láàárín 0.3 sí 0.7 máìlì ní wákàtí. Nígbà tí omi bá tutù nini, tí ara ẹja ti kú tipiri, ẹ má kọjá 0.4. Ẹ̀rọ sátẹ́láìtì á sọ eré fún yín, àmọ́ eré orí ilẹ̀ ló ń kà. Kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń ti omi fúnra rẹ̀ bọ̀ wá kò yín. Okùn ló mọ̀. Ẹ máa wo bó ṣe wọ inú omi. Tó bá dà díẹ̀ sẹ́yìn, ó dára. Tó bá ti dà púpọ̀, ẹ dín eré kù tàbí kẹ́ ẹ fi òjé tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Lọ́jọ́ afẹ́fẹ́, òjé áúnsì kan kì í ṣe àṣejù.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá dojú kọ ọ́, ẹ́ńjìnnì ló ń pinnu eré. Tẹ́ ẹ bá kẹ̀yìn sí i, afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju kẹ́ ẹ bá a lọ, ẹ so ẹ̀wọ̀n irin mọ́ ìdí ọkọ̀ kó máa wọ́ nílẹ̀ níbi tí kò bá sí kùkùté, tàbí kẹ́ ẹ ju àpò aṣọ tó ń gba omi sẹ́yìn ọkọ̀, kó máa dá a dúró.

(Orin díẹ̀.)

A ti padà dé o. Ká sọ pé ẹja ti wá.

Ẹni tó bá ti fi ìwọ̀ mú àrọ̀ rí ń retí kí ọ̀pá tẹ̀ wálẹ̀ gbọ̀gà. Crappie á ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹja tó ń wo òkè, òkè ló ń gbà gbé ìdẹ. Bó bá ti gbé e tó ń gòkè lọ, á gbé òjé pẹ̀lú, okùn á dẹ̀, ṣóńṣó ọ̀pá tó ti tẹ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì nà gbọnrangandan. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa wò ó, á rò pé ìwọ̀ òun ti bọ́ lọ́wọ́ koríko. Ẹja ni! Ẹ gbé e.

Ẹ gbé e, mi ò ní kẹ́ ẹ já a. Ẹgbẹ́ ẹnu crappie jẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn apẹja ibẹ̀ tiẹ̀ ń pè é ní ẹlẹ́nu bébà. Ẹni tó bá fi agbára fà á, ihò á là sí i lẹ́nu, ìwọ̀ á yọ. Ọkọ̀ tó ń rìn àti ọ̀pá tó rọ̀ ti fi ìwọ̀ há a lẹ́nu kí ọwọ́ yín tó dé ìdí ọ̀pá. Ẹ kàn gbé ọ̀pá sókè jẹ́jẹ́, ẹ má jẹ́ kí okùn dẹ̀, kí ẹnì kejì fi àwọ̀n ọlọ́wọ́ gbọn ọ́n. Ẹ má fi okùn gbé e wọnú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja tó tóbi ló ti padà sílé láti ibi tí kò ju íńṣì mẹ́ta sí etí ọkọ̀ lọ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi gbogbo ọ̀pá sí ìjìnlẹ̀ kan náà. Ẹ fi ọ̀kan sí mẹ́fà, òmíràn sí mẹ́jọ, òmíràn sí mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ ti mẹ́jọ nìkan ni ẹja ń jẹ, ẹ kó gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ lọ bá a. Nígbà tí ọkọ̀ bá wọ àárín agbo, ọ̀pá mẹ́ta mẹ́rin lè mì lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni ìjà tọkọtaya máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀, ta ló yẹ kó mú àwọ̀n. Ẹ pín iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kẹ́ ẹ sì tẹ bọ́tìnnì lórí ẹ̀rọ sátẹ́láìtì kó fi àmì síbẹ̀, kẹ́ ẹ lè yí padà gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀nà kejì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń na okùn sí, kì í ṣe iwájú. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ní Georgia àti Alabama níbi tí omi ti mọ́ jù. Jíìgì fífúyẹ́ ni wọ́n ń lò, ìdá mẹ́rìndínlógún áúnsì tàbí èyí tó tún kéré sí i. Wọ́n á jù ú sẹ́yìn jìnnà, ó lè tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ á sì máa rìn láàárín 0.8 sí 1.2 máìlì ní wákàtí. Ẹ ò rí i pé ó yára ju ti ìṣáájú lọ? Kò sí òjé wíwúwo tó ń fa okùn wálẹ̀ níbí. Wíwúwo jíìgì, gígùn okùn àti eré ọkọ̀ ló ń jùmọ̀ pinnu ìjìnlẹ̀, ẹni tó bá sì yí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà ti yí ìdẹ kúrò lójú ẹja. Eré tó bá fi 0.1 péré lé sí i lè ṣe é. Tí ọkọ̀ bá sì dúró, gbogbo jíìgì á rì lọ há mọ́ kùkùté, nítorí náà bí ẹja bá mú ọ̀pá kan, ẹ máa lọ, ẹ má dúró.

Àrà kan wà nínú ọ̀nà yìí tí mo fẹ́ràn. Ẹ má wa ọkọ̀ gbọọrọ. Ẹ máa yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì. Bẹ́ ẹ bá yí i sósì, àwọn ìdẹ tó wà lápá òsì á fà sẹ́yìn nínú eré, wọ́n á rì. Tọ̀tún á sáré, wọ́n á gòkè. Tó bá jẹ́ òsì ni ẹja ń jẹ nígbà gbogbo tẹ́ ẹ bá yí sósì, ẹja ń sọ fún yín pé ẹ ti ń yára jù, tàbí pé ìdẹ yín ga jù. Tó bá jẹ́ ọ̀tún ló ń jẹ, ẹ fi kún eré. Láìra ẹ̀rọ kankan, ẹ ti bi ẹja léèrè ọ̀rọ̀, ó sì ti dáhùn.

Nísinsìnyí, àwọn kan á ní mo ti di ará àtijọ́. Láti 2018 tí Garmin ti gbé LiveScope jáde, ẹ̀rọ tó ń fi ẹja tó wà níwájú ọkọ̀ hàn bó ṣe ń mira gan-an, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń díje ti kó ọ̀pá mẹ́jọ wọlé, ọ̀pá kan ni wọ́n ń lò, ẹja kan ni wọ́n ń lé. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè ju ti ọkọ̀ tí wọ́n gbé e sí lọ, ojú èèyàn á sì wà lára tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mo fẹ́ wò, mo ní ọ̀kan nílé. Ẹni tó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ tàbí àna rẹ̀ jáde, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí kálukú ní ọ̀pá tó ń ṣọ́, ọ̀nà àtijọ́ yìí ló máa gbà.

Òfin ńkọ́? Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, adágún kan sì lè ní òfin tí ìkejì rẹ̀ kò ní: iye ọ̀pá tẹ́ ẹ lè nà, iye ẹja tẹ́ ẹ lè kó lọ sílé, bí ẹja ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó kẹ́ ẹ tó mú un. Ní Minnesota, okùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbà fún ẹnì kan nígbà tí omi kò bá tíì di yìnyín. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá mẹ́jọ débẹ̀, ọlọ́pàá ẹja ló ń wá. Ẹ ra ìwé àṣẹ ìpẹja lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì ka òfin adágún náà gan-an, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ nìkan.

Life jacket ni ti ìkẹyìn, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn sọ ọ́. Òfin ní kó wà nínú ọkọ̀ fún olúkúlùkù. Èmi ní kó wà lọ́rùn yín. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí àwa kan máa ń sọ, pé ọmọ Ìlàjẹ ni àwọn, pé inú omi ni wọ́n bí àwọn sí. Omi oṣù kejì ní Mississippi kò mọ ọmọ Ìlàjẹ. Bí èèyàn bá já sínú omi tó tutù bẹ́ẹ̀, èémí rẹ̀ á gé, á fa omi símú kó tó rántí pé òun mọ̀wẹ̀, bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀, apá rẹ̀ kò ní gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Grenada fẹ̀, afẹ́fẹ́ sì lè gbé ìgbì dìde níbẹ̀ láàárín àkókò kúkúrú. Tẹ́ ẹ bá rí i pé orí ìgbì ti ń funfun, ẹ ká ọ̀pá, ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹja á ṣì wà níbẹ̀ lọ́la.

Ìbéèrè kan ti wọlé lórí fóònù wa. Ẹ̀gbọ́n kan láti Atlanta ní àwọn ò ní ọkọ̀, kayak ni àwọn ní, ṣé àwọn lè wọ́ ìwọ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ lè ṣe é dáadáa. Ẹ má gbìyànjú ọ̀pá gígùn mẹ́jọ níwájú. Ẹ lo ọ̀nà tẹ̀yìn yẹn, ọ̀pá kúkúrú méjì péré, jíìgì kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá ń rọra wa àjẹ̀ láìkánjú, eré rẹ̀ máa ń sún mọ́ máìlì kan ní wákàtí, ohun tí jíìgì fífúyẹ́ ń fẹ́ gan-an nìyẹn, àti pé ìdádúró díẹ̀ láàárín àjẹ̀ kan sí èkejì máa ń jẹ́ kí jíìgì rì kó tún gòkè, crappie kì í sì í fojú fo ìyẹn dá. Tẹ́ ẹ bá lè wakọ̀ dé adágún Weiss ní Alabama nígbà ìrúwé, ẹ lọ síbẹ̀, omi rẹ̀ kò jìn púpọ̀, crappie ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Ẹ so àjẹ̀, àwọ̀n àti ọ̀pá mọ́ kayak lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn, ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún ìyàwó ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa dé.